Bí A Ṣe Ń Tún Yàrá Kékeré Tò Tí Kò Fi Ní Tún Há Padà

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń gbé inú ilé tó kéré gan-an ni pé wọ́n á fi odidi ọjọ́ ìsinmi kan tún ilé tò, ojú ilé á gún régé, ọkàn á balẹ̀, ṣùgbọ́n kí oṣù tó parí, aṣọ á ti gorí àga, báàgì á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì tún máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn kí wọ́n tó lè dé ìdí fèrèsé. Wọ́n á wá lọ ra àpótí oníke mìíràn láti kó ẹrù náà sí, àpótí yìí á sì gba ìwọ̀nba àyè tó ṣẹ́ kù. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń fa èyí. Ìgbésẹ̀ tó yẹ kó gbẹ̀yìn ni wọ́n fi ṣáájú: wọ́n ra ohun ìkẹ́rùsí kí wọ́n tó mọ bí ilẹ̀ tí wọ́n ní ṣe pọ̀ tó, àti irú ẹrù tó yẹ kó wà lórí rẹ̀.

Nínú ilé kékeré, ilẹ̀ ni ọrọ̀. A lè fi pẹpẹ kún pẹpẹ, a lè gbé nǹkan kọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n a kò lè fi ilẹ̀ kún ilẹ̀. Bí a ó ṣe gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹrù, tí a kò sì ní jẹ́ kí ẹrù tún gbà á mọ́, ni gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé lórí. Mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ̀ lé àwọn ìgbésẹ̀ náà bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra, torí pé ẹni tó bá fo èkejì lọ sí ẹ̀kẹrin kàn máa to ohun tí kò nílò sórí pẹpẹ tuntun ni.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ wá téèpù ìwọ̀n tó gùn tó mítà 5, pẹ́ńsùlù, ìwé onílà, ìwé ìròyìn àtijọ́ tó pọ̀ díẹ̀, àlòkù páálí ńlá mẹ́rin àti kálàmù tó ń kọ̀wé gàdàgbà. Ẹ ya ọjọ́ kan gbáko sọ́tọ̀ fún ìgbésẹ̀ kejì, kí ó jẹ́ ọjọ́ tí ẹ kò ní gba àlejò. Bí ilé náà bá jẹ́ ti onílé, ẹ gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ nínú ìwé kí ẹ tó lu ihò kankan sára ògiri. Ẹ má ra ohunkóhun mìíràn ní báyìí. Bí ẹ bá ti ra àpótí tàbí pẹpẹ, ẹ fi sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀ títí ẹ ó fi dé ìgbésẹ̀ kẹrin, torí ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé ẹ kò nílò rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì lè dá a padà fún ẹni tó tà á.

1. Ẹ wọn yàrá náà kí ẹ tó gbé ohunkóhun

Ẹ kọ gígùn yàrá náà, fífẹ̀ rẹ̀, àti gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ya àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ sórí ìwé onílà, kí sẹ̀ǹtímítà 1 lórí ìwé dúró fún sẹ̀ǹtímítà 20 nínú yàrá. Ẹ fi ìlẹ̀kùn, fèrèsé, àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì iná àti páìpù tó bá yọ síta sí i. Ẹ fi ibi tí ìlẹ̀kùn ń gbà kọjá nígbà tí a bá ṣí i sí i pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwòrán ti ń purọ́: ìlẹ̀kùn tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80 ń gba nǹkan bí ìdajì mítà níbùú lóòró (square metre), ẹ kò sì lè gbé ohunkóhun síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi yàrá tó gùn ní mítà 4, tó sì fẹ̀ ní mítà 3 ṣe àpẹẹrẹ. Mítà 12 níbùú lóòró ni gbogbo rẹ̀. Ibùsùn tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 140, tó sì gùn ní 190, á gba mítà 2.66 nínú rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó sì jìn ní 60, á gba mítà 0.72, iwájú rẹ̀ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sí á sì gba bẹ́ẹ̀ mìíràn. Tábìlì ìkọ̀wé tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 100, tó jìn ní 60, á gba mítà 0.6, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ tún nílò nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 75 lẹ́yìn kó tó lè fa àga sẹ́yìn kó sì dìde, èyí sì jẹ́ mítà 0.75. Bí a bá fi ti ìlẹ̀kùn ilé kún un, ilẹ̀ tó ti lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 6, ìyẹn ìdajì yàrá, bẹ́ẹ̀ sì ni a kò tíì sọ̀rọ̀ firíìjì, a kò tíì sọ̀rọ̀ ibi ìdáná, a kò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan rìn. Ìṣirò yìí ni mo fẹ́ kí olúkúlùkù ṣe fún yàrá tirẹ̀, torí pé òun ló máa jẹ́ kó hàn pé kì í ṣe pé a ò mọ ilé tò, ẹrù ló ju ilẹ̀ lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ògiri kì í sábà tọ́ délẹ̀délẹ̀, nítorí náà ẹ wọn fífẹ̀ yàrá náà níbi mẹ́ta, kí ẹ sì lo èyí tó kéré jù. Ìkejì, ẹ wọn ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ibi tí àtẹ̀gùn ti ń ṣẹ́ kọ́nà, torí pé ohun tó bá yàrá mu lè kọ̀ láti dé inú yàrá.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Bí ẹ bá rí àga kan tí wọ́n ń tà, tí ẹ sì lè wo inú ìwé yín kí ẹ sọ ibi tó máa dúró sí àti ibi tó máa gbà wọlé láìjẹ́ pé ẹ padà sílé lọ wò, ìgbésẹ̀ yìí ti yọrí.

2. Ẹ dín ẹrù kù, ẹ má kàn ṣí i nípò

Ibí yìí ni iṣẹ́ gidi wà, ibí yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sá. Ẹ má ṣe é láti igun yàrá kan sí èkejì. Irú ẹrù kan ni kí ẹ mú lẹ́ẹ̀kan: gbogbo aṣọ, níbikíbi tó bá wà, ẹ kó o sórí ibùsùn, bí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ bọ́ sórí bàtà, kí ẹ tó kan ohun èlò ìdáná, ìwé, wáyà àti irinṣẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun kan náà tó bá fọ́n ká sí ibi mẹ́rin kì í jẹ́ kí a mọ̀ pé ó pọ̀. Ẹni tó ní àlùmọ́gàjí mẹ́ta kò mọ̀ pé mẹ́ta ni, nítorí pé ọ̀kan wà nínú báàgì, ọ̀kan wà lábẹ́ ibùsùn, ọ̀kan sì wà nínú àpótí tí kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé lójú kan ni òtítọ́ máa hàn.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sára páálí mẹ́rin náà: Ó JÓKÒÓ, Ó LỌ FÚN ẸLÒMÍÌ, ÀTÀN, àti MI Ò TÍÌ MỌ̀. Ẹ mú nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ara yín ní ìbéèrè méjì péré: ìgbà wo ni mo lo èyí kẹ́yìn, ta ni mo sì máa yá a lọ́wọ́ rẹ̀ bí mo bá nílò rẹ̀ lọ́la? Ohun tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò sì ní, kò yẹ kó máa gbé inú yàrá mítà 12 lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó bá bọ́ sínú páálí kẹrin, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ kọ déètì ọjọ́ náà sára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ibi tó jìnnà sí ọwọ́. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìjẹ́ pé ẹ ṣí i torí ohun kan nínú rẹ̀, ẹ gbé e jáde bó ṣe wà. Ẹ má ṣí i kí ẹ tó gbé e jáde, torí ojú tó bá tún rí i á tún fẹ́ ẹ. Ìwé ẹ̀rí, oògùn, iná ọ̀gànjọ́ àti ohun ìtọ́jú ọgbẹ́ kì í wọ páálí yìí rárá. Ààyè tiwọn gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o nínú òkùnkùn.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kọsẹ̀ pọ̀ níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n ka èyí tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́tò àti lẹ́tà á jókòó sídìí wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí náà ohun tó mú ọkàn ni kó gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń gbé pẹ̀lú ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹrù onítọ̀hún lẹ́yìn rẹ̀, torí ìjà tó máa bí á ju àyè tó máa rí lọ. Páálí tí wọ́n kó ẹ̀rọ ìgbàlódé wá ń jẹ àyè púpọ̀. Bí àkókò tí olùtajà ṣèlérí pé òun á tún ẹ̀rọ náà ṣe bá ti kọjá, ẹ tú páálí náà palẹ̀. Ohun tó sì lè da gbogbo làálàá ọjọ́ náà nù ni kí páálí ẹrù tó ń lọ fún ẹlòmíràn sùn sínú yàrá. Bó bá sùn síbẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó kúrò nílé lọ́jọ́ náà.

Ní ti ìwé, ẹ pín in sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ó jẹ́ pé ojúlówó rẹ̀ nìkan ló wúlò, bí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, àdéhùn ilé gbígbé àti ìwé ìrìnnà, ẹ kó wọn sínú fáìlì kan ṣoṣo tí omi kò lè wọ̀. Èyí tó kù, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ tọ́jú àwòrán náà síbi méjì, kí ẹ sì fa bébà náà ya.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti gbogbo dúrọ́wà àti ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Èyí tí ẹ bá ní láti fi orúnkún ràn lọ́wọ́ kò tíì dín kù tó. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí àyè bí ìdá kan nínú márùn-ún ṣófo. Àyè òfìfo yìí kì í ṣe àṣejù. Òun ni ẹrù tó bá dé lójijì máa sùn sí kó má baà sùn sílẹ̀.

3. Ẹ yan ojú ibùsùn àti ojú ọ̀nà

Ibùsùn ló tóbi jù, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ibi fún. Ẹ lẹ ìwé ìròyìn mọ́ra títí tó fi tó ìwọ̀n ibùsùn náà gan-an, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ ṣe ti tábìlì, ti kọ́bọ́ọ̀dù àti ti firíìjì bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti ti ìwé síhìn-ín sọ́hùn-ún ju kí a máa wọ́ ibùsùn kiri lọ, àwọn aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ yín á sì dúpẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé abọ́ tó kún fún omi lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ rìn láti ẹnu ọ̀nà lọ sí ibi ìdáná, láti ibi ìdáná lọ sí ìdí fèrèsé, láti ìdí fèrèsé lọ sí balùwẹ̀. Ẹ má wo ilẹ̀ bí ẹ ṣe ń rìn. Ibi tí ẹsẹ̀ yín bá ti tẹ ìwé, ibẹ̀ náà ni orúnkún yín yóò ti máa gbá etí igi ibùsùn lálaalẹ́. Ọ̀nà tí a ń gbà kọjá déédéé kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 60; bó bá tó 75, ara á tù yín. Ọ̀nà láti orí ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ pàtàkì jù lọ mú, torí pé òun ni ẹ ó gbà sá bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Bí ibùsùn bá wà ní igun tí ògiri méjì ti pàdé, ilẹ̀ púpọ̀ á ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n títẹ́ aṣọ sórí rẹ̀ á nira, bí ẹni méjì bá sì ń sùn lórí rẹ̀, ẹni tó wà nínú á máa fi ẹlòmíràn ṣe àtẹ̀gùn. Ẹni tó dá sùn lè gba èyí mọ́ra; àwọn méjì kò gbọ́dọ̀ gbà á, bó tilẹ̀ gba pé kí wọ́n pàdánù tábìlì kan. Bí ibùsùn náà bá ga ju ilẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 30, àpótí pẹlẹbẹ tó ní táyà á wọ abẹ́ rẹ̀. Táyà yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé àpótí tí a gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí a tó lè wọ́ ọ jáde, a kì í wọ́ ọ jáde, ẹrù inú rẹ̀ á sì di ohun ìgbàgbé.

Ọ̀pọ̀ máa ń ronú nípa ibùsùn olókè, èyí tí a ń gun àkàbà dé orí rẹ̀. Ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó náwó. Ẹni tó fẹ́ lè dúró lábẹ́ rẹ̀ nílò nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 180. Igi ibùsùn àti tìmùtìmù á gba nǹkan bí 30. Ẹni tó fẹ́ lè jókòó lórí rẹ̀ láì fi orí sọ àjà nílò nǹkan bí 95 sí i. Àpapọ̀ rẹ̀ ju mítà 3 lọ. Bí àjà yàrá yín bá ga ní mítà 2.5, ẹ kò lè ní méjèèjì: bí ẹ bá ń dúró nísàlẹ̀, ẹ ó máa rá wọ orí ibùsùn ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná sì máa ń lọ sókè, nítorí náà lábẹ́ àjà ni ooru máa ń pọ̀ sí jù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gbé ẹrù náà sórí àwọn ìwé ìròyìn náà, kí ẹ sì ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, ti ilé, ti kọ́bọ́ọ̀dù, ti firíìjì. Wọn kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ara wọn. Ní alẹ́, ẹ pa iná, kí ẹ rìn láti orí ibùsùn dé ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ kò bá kọsẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú.

4. Ẹ gbé ẹrù gun ògiri

Ìsinsìnyí ni àkókò tó láti ra pẹpẹ. Ẹ pín ògiri sí ọ̀nà mẹ́ta: láti ìbàdí dé ọ̀gangan ojú ni ti ohun tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ìsàlẹ̀ ìbàdí ni ti ohun tó wúwo, òkè orí ni ti ohun tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Pẹpẹ tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 tó fún ìwé àti abọ́. Èyí tó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó máa to nǹkan sí ẹ̀yìn nǹkan, ti ẹ̀yìn á sì sọnù. Aṣọ tó wà lórí hángà nìkan ló nílò ìjìnlẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 55 sí 60. Òkè ìlẹ̀kùn àti òkè fèrèsé jẹ́ àyè tí ọ̀pọ̀ kì í rí. Pẹpẹ kan níbẹ̀ lè gba gbogbo báàgì ìrìnàjò.

Ẹ fi ìka kan ògiri náà kó dún kí ẹ tó lu ihò sí i. Èyí tó bá dún wóńwóńwó ní inú òfìfo, ó sì nílò ṣúkúrú irú tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí a ń lò fún bíríkì tàbí búlọ́ọ̀kù. Ẹ má lu ògiri ní ọ̀gangan òkè tàbí ìsàlẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí pé wáyà sábà máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Kọ́bọ́ọ̀dù tàbí pẹpẹ gíga gbọ́dọ̀ wà ní dídè mọ́ ògiri, pàápàá níbi tí ọmọdé wà, nítorí pé ọmọ tó bá fa dúrọ́wà méjì jáde tó sì fi wọ́n ṣe àtẹ̀gùn lè fa gbogbo rẹ̀ lu ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má sì gbé ohun tó wúwo sórí pẹpẹ tó wà lókè ibi tí orí yín ń sùn sí.

Èmi kò fẹ́ràn kí gbogbo pẹpẹ ṣí sílẹ̀. Nínú yàrá kékeré, ojú kì í sinmi bó bá ń rí gbogbo ohun tí a ní ní ìgbà gbogbo, eruku náà á sì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé àti ohun ẹlẹ́wà díẹ̀ wà níta, kí ìyókù wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tàbí lẹ́yìn kọ́tìnì.

Ohun kan wà tí pẹpẹ kò lè yanjú, òun sì ni aṣọ tí a ti wọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí kò tíì dọ̀tí. Kò lè padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì tíì tó ohun tí à ń fọ̀. Nítorí pé kò ní ilé, orí àga ló ń sùn. Ẹ kan ìkọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn fún un. Bí ìkọ́ bá kún, àkókò ìfọṣọ ti tó nìyẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa pẹpẹ kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ mì. Ẹ wá mú gbogbo ohun tí ẹ lò láti àárọ̀: bí ẹ bá ní láti gun àga kí ẹ tó mú ọ̀kan nínú wọn, ibi tó wà kò dára.

5. Ohun kan fún iṣẹ́ méjì

Tábìlì tó ṣeé pa dé mọ́ ògiri, àpótí tó ṣeé jókòó lé, àga tó ṣeé ká kọ́, gbogbo wọn dára, ṣùgbọ́n ìdánwò kan wà tí mo gbà gbọ́: bí yíyí i padà bá gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, tàbí bó bá gba pé kí ẹ kọ́kọ́ gbé nǹkan mìíràn kúrò lórí rẹ̀, ẹ kò ní máa yí i padà. Àga tó ń di ibùsùn máa ń di ibùsùn pátápátá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó ń sùn lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò jàǹfààní ju bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ra ibùsùn gidi, tó sì lo abẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí ẹ ń sùn, ẹ wá àpótí kan tí kọ̀ǹpútà àti ìwé iṣẹ́ máa wọ̀ bí iṣẹ́ bá parí, kí tábìlì náà lè padà di ti oúnjẹ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wò ó bóyá ohun náà ṣì ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Bó bá ti dúró sórí ọ̀kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kéré jù ú lọ.

6. Afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin àti iná

Yàrá tó kéré kì í ní afẹ́fẹ́ púpọ̀, nítorí náà ohun tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú ilé ńlá á hàn nínú rẹ̀ kíá. Omi ń wọ inú afẹ́fẹ́ láti ara èémí, láti ara oúnjẹ tó ń hó, láti balùwẹ̀ àti láti ara aṣọ tó ń gbẹ. Aṣọ tí a fọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí a sì sá sínú yàrá lè tú omi tó tó lítà 2 sínú afẹ́fẹ́. Omi náà á lọ bà lé ibi tó tutù jù, ìyẹn gíláàsì fèrèsé, igun ògiri àti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, àmì dúdú á hù, òórùn rẹ̀ á wọ aṣọ, ẹni tó ní ikọ́ fée á sì mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ ṣí fèrèsé àti ìlẹ̀kùn tó dojú kọ ara wọn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ àti lálẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè gba ọ̀kan wọlé kó sì gba èkejì jáde. Ẹ dé ìkòkò bó bá ń hó. Ẹ fi àlàfo tó tó sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ìta, kí ẹ sì fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn firíìjì bí ìwé rẹ̀ ṣe sọ, torí pé firíìjì tí kò rí ibi tú ooru rẹ̀ sí ń jẹ iná jù. Bí ẹ kò bá ní ibòmíràn tí ẹ lè sá aṣọ sí, ẹ sá a sítòsí fèrèsé tó ṣí, kí ẹ ti ìlẹ̀kùn tó lọ síbi ibùsùn, bó bá wà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Ìdá 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára.

Ẹ má ṣe fi èédú dáná nínú yàrá, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sínú rẹ̀ tàbí sẹ́bàá fèrèsé. Afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide tó ń jáde lára wọn kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn, ó sì lè pa ènìyàn lójú oorun. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má fọwọ́ kan iná, bóyá láti tàn án tàbí láti pa á. Ẹ ti sìlíńdà náà, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì jáde.

Ní ti iná mànàmáná, yàrá kékeré kì í sábà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì púpọ̀, èyí ló ń mú kí àwọn ènìyàn fi wáyà extension gun orí extension. Ẹ má ṣe é. Ẹ wo wáàtì tí wọ́n kọ sára extension náà, kí ẹ sì ro wáàtì gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ fi sí i pọ̀. Kẹ́tùlù iná sábà máa ń tó wáàtì 2,000, áyọ́ọ̀nù sì sábà máa ń ju 1,000 lọ, nítorí náà àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ lórí wáyà kan. Ohun tó ń mú ooru jáde, ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ni ààyè rẹ̀. Ẹ má fi kápẹ́ẹ̀tì bo wáyà, ẹ má sì ká a jọ bó bá ń ṣiṣẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Láàárọ̀, kí ẹ tó ṣí fèrèsé, ẹ fi ìka kan gíláàsì rẹ̀. Bí omi bá ń ṣàn lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò tíì tó. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù; ó yẹ kó gbẹ. Ẹ fọwọ́ kan orí pílọ́ọ̀gì tó ti ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò gbà á, ẹ yọ ọ́ kúrò.

7. Ìmọ́lẹ̀

Gílóòbù kan láàárín àjà máa ń sọ gbogbo igun di òkùnkùn, yàrá á sì dà bíi pé ó kéré sí i. Iná kékeré méjì tàbí mẹ́ta ní àwọn igun dára ju ẹyọ kan tó mọ́lẹ̀ rokoṣo lọ. Ẹ gbé dígí sí ibi tó ti lè gba ìmọ́lẹ̀ láti ojú fèrèsé, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀pá kọ́tìnì gùn kọjá etí fèrèsé lọ́tùn-ún àti lósì, kí aṣọ náà lè kúrò lójú gíláàsì pátápátá lọ́sàn-án.

8. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ

Ẹ pín àyè kí ẹ tó pín iṣẹ́. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní ibì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pẹpẹ kan àti ìkọ́ méjì, tí ẹlòmíràn kò ní fọwọ́ kàn. Ẹ sọ àwọn wákàtí tí ẹni kan máa ń sùn tàbí tó ń ṣiṣẹ́ jáde lẹ́nu, kí ẹ sì fohùn ṣọ̀kan pé gbohùngbohùn etí (earphone) la ó máa lò ní àwọn wákàtí náà. Ẹ fẹnu kò pẹ̀lú lórí àlejò tó máa sùn mọ́jú, torí pé ohun tí ẹni kan rí gẹ́gẹ́ bí oore, ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ń gbà kọjá ni. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́; ó le gan-an lẹ́yìn ìjà.

9. Kí ó má baà tún há

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálaalẹ́ tó. Orí tábìlì, orí àga àti ilẹ̀ nìkan ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ohun tó bá wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ dá a padà sílé rẹ̀. Bí ohun kan náà bá ń pàdé yín níbẹ̀ lálaalẹ́, kò ní ilé ni, tàbí ilé rẹ̀ jìnnà jù. Ẹ wá ibòmíràn fún un dípò kí ẹ máa bá ara yín jà. Bí nǹkan tuntun kan bá wọlé, kí irú rẹ̀ kan jáde lọ́jọ́ kan náà, kì í ṣe ní òpin oṣù. Ẹ sì tún ìgbésẹ̀ kejì ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Kò ní gba odidi ọjọ́ mọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ mú ìgbálẹ̀, kí ẹ gbá yàrá náà láti ògiri dé ògiri. Bí ẹ bá ní láti gbé ju nǹkan méjì lọ kúrò lójú ọ̀nà kí ẹ tó gbá a tán, ẹrù ti ń padà bọ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì lọ́sẹ̀ náà kó tó pọ̀ sí i.